Omi Tó Mọ́ Gaara Lẹ́yìnkùlé Bàbá Mi

Òórùn omi náà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe òórùn ẹja gan-an, òórùn omi tó ti jókòó pẹ́ jù lójú kan ni, èyí tó máa ń gba fèrèsé yàrá bàbá mi wọlé láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bọ́jú. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí Ilé-Ifẹ̀ láti Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ya àwòrán ọ̀nà omi fún àwọn tó ń kọ́lé ti kógbá sílé, àìsàn rọpárọsẹ̀ sì ti dá bàbá mi jókòó. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti kú tán; ọwọ́ òsì nìkan ló kù, tí wọ́n fi ń lu apá àga bí nǹkan bá dùn mọ́ wọn tàbí bí nǹkan bá bí wọn nínú, a sì ní láti wo ojú wọn ká tó mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Adágún kékeré kan tó wà lẹ́yìnkùlé ni òórùn náà ti ń wá. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tó fẹ̀yìn tì náà gbẹ́ tiwọn, àmọ́ ẹja àrọ̀ ni wọ́n kó sí i, ẹja tó ń yára sanra, tí àwọn tó ń se ọbẹ̀ ata tà ń wá rà. Bàbá mi kó ẹja kóì sínú tiwọn, àwọn ẹja aláràbarà tí àwọn ará òkèèrè máa ń sìn fún wíwò lásán: òmíràn funfun, òmíràn pupa bí epo, òmíràn ní àmì tótòtó dúdú lẹ́yìn. Gbogbo àdúgbò ló gba ọ̀rọ̀ náà sí àbùkù. "Ìgbà wo lẹ máa pa á, sà?" ni wọ́n máa ń béèrè. Bàbá mi á ní wọn kì í jẹ ẹ́, wíwò ni wọ́n ń wò ó. Ẹni tó béèrè á mirí, á lọ, bí ẹni tó rí ọkùnrin tó ra àgbò iléyá tó wá sọ ọ́ lórúkọ. Èmi náà wà lára àwọn tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn.

Nígbà tí àìsàn dé, yẹ̀yẹ́ tán. Bí a bá gbé oúnjẹ fún bàbá mi nínú yàrá, wọn kì í la ẹnu fún ṣíbí. Ìyá mi á bẹ̀ wọ́n, á fi orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn nígbà ọ̀dọ́ pè wọ́n, bàbá mi á kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àga wọn jáde sábẹ́ igi máńgòrò tó wà létí omi, tí àwọn ẹja bá gòkè wá, ojú wọn á là, ẹnu náà á là, ìyá mi á sì rọra máa fi ògì bọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹja bá wà láàyè, bàbá mi á jẹun. Bí wọ́n bá jẹun, a ó máa rí wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n sọ fún wa pé bí wọn ò bá jẹun, kò sí oògùn tí òun lè fún wọn tó máa ṣiṣẹ́. Àwọn ẹja náà sì ti ń kú.

Ohun tí gbogbo Ifẹ̀ mọ̀ nípa ẹja sísìn, ọ̀nà àrọ̀ ni. Bí omi bá ti dọ̀tí, dà á nù, fa omíràn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ṣe gbà wá nímọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe. A gbọ́n omi náà dànù, a fa omi tuntun sí i láti inú kànga, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹja méjì ti kú, ikùn wọn kọjú sókè. Àrọ̀ lè gbé inú ẹrẹ̀. Bí omi ò bá dára, á yọ ẹnu sókè, á mí. Ọmọ alákisa ni àrọ̀, kò sí ìyà tí kò lè jẹ. Àwọn tiwa dà bí ọmọ olówó, àyípadà díẹ̀, ikú ni. Mo wá kà nípa wọn káàkiri lórí fóònù mi, mo rí i pé omi wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ tuntun, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìdọ̀tí. Omi tí wọ́n ti gbé pẹ́ gan-an ni wọ́n ń fẹ́, tí a ń sẹ́, tí a ń dá padà fún wọn láìdúró.

Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, kí n má purọ́. Níkẹyìn, ohun kan wà nínú ilé yẹn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo na bébà ńlá sórí tábìlì oúnjẹ, mo fi rúlà fa páìpù, mo fa ọfà tó ń fi ibi tí omi ń gbà hàn, mo kọ orúkọ ohun gbogbo síbẹ̀ bí ẹni tí ìjọba gbé iṣẹ́ afárá fún. Omi á ti ìsàlẹ̀ adágún gba inú páìpù lọ sínú dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí tó wúwo á ti rọlẹ̀. Á kọjá sínú dúrọ́ọ̀mù kejì, níbi tí nǹkan tó rí wúruwùru á ti gba ìdọ̀tí kéékèèké. Nínú ẹ̀kẹta, á gba àárín òkúta wẹ́wẹ́ kọjá, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì. Lára òkúta yìí ni àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí máa ń gbé, àwọn ni wọ́n ń jẹ májèlé tó wà nínú ìgbẹ́ ẹja. Lẹ́yìn náà, pọ́ǹpù á fa omi náà padà sókè, á máa ya wálẹ̀ sínú adágún. Mo fi àwòrán náà han bàbá mi. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n lu àga lẹ́ẹ̀kan. Mo gbà á sí ìyìn.

Nígbà tí mo wá fẹ́ ṣe dúrọ́ọ̀mù kejì, kànrìnkànrìn ìbílẹ̀ ni mo rà ní ọjà, mo dì í sínú rẹ̀ ṣìnkìnkìn. Lójú ara mi, ohun tó ń wẹ ara ènìyàn mọ́ gbọ́dọ̀ lè wẹ omi mọ́. Kò pẹ́ tó fi jẹrà. Òórùn tó ń ti ibẹ̀ jáde le ju ti ìdọ̀tí tí mo ní kó mú lọ, ìyá mi sì bi mí bóyá ògìrì ni mo ń ṣe fún àwọn ẹja. Mo kó o dànù, mo gé tìmùtìmù tí mo fi ń sùn nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo fi dípò rẹ̀. Ìyẹn ṣiṣẹ́. Ó wá ku iná. Àwọn kòkòrò inú òkúta yẹn, bí omi bá dúró lórí wọn fún ìgbà díẹ̀, kíkú ni wọ́n ń kú, iná ìjọba sì nìyí, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo bá tú sólà tó ń tan iná sínú ilé wa, mo so ó mọ́ pọ́ǹpù. Láti ìgbà náà, tọ́ọ̀ṣì la fi ń rìn nínú ilé kí ẹja lè mí. Ìyá mi ò ráhùn. Omi ń ṣàn, àwọn ẹja ń gòkè, ògì ń wọlé. Mo rò pé a ti borí.

Àwọn àlejò ni mi ò fi sínú àwòrán. Nílé tiwa, ènìyàn kì í lọ kí olókùnrùn lọ́wọ́ òfo. Búrẹ́dì ni àwọn kan máa ń gbé wá, àwọn mìíràn á gbé ọsàn, àwọn mìíràn á gbé bísíkíìtì. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò lè gbé nǹkan líle mì, á há wọn lọ́fun. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ìyá wa tó ń gbé ní agbolé ní Ìrẹ̀mọ, gbé búrẹ́dì gbígbóná wá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àbúrò wọn ò lè jẹ ẹ́, wọn ò fẹ́ gbé e padà sílé. Wọ́n jókòó létí omi, wọ́n ń gé búrẹ́dì náà jù sí àwọn ẹja, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ bá àbúrò mi jẹ ẹ́ o. Ẹ bá a jẹ ẹ́ dáadáa." Àwọn ẹja dà bo ara wọn, omi ń ta, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu àga. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan tó kù fún wọn rẹ́rìn-ín. A ò rí ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé. Ìyá mi bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, ó di àṣà. Gbogbo ẹni tó bá wá kí bàbá mi, ẹja ló ń gbé oúnjẹ fún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú búrẹ́dì, àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì tó fẹ̀yìn tì dé pẹ̀lú bísíkíìtì. Alájì tó ń ta àgbò ní Sábó, ọ̀rẹ́ bàbá mi àtọjọ́ pípẹ́, máa ń gbé dàbínù wá, á yọ kóró rẹ̀, á jù ú sómi, á ní, "Bàbá, mo ti fún wọn o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ara yín le, àlàáfíà á dé, àmín." Bàbá mi á lu àga. Ẹja wá di ẹnu tí bàbá mi fi ń jẹ ọrẹ ènìyàn.

Àmọ́ omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn padà. Mo fi dúrọ́ọ̀mù kan kún èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Mo tún fi òmíràn kún un. Mo pààrọ̀ páìpù sí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá fọ tìmùtìmù tán láàárọ̀, títí ọ̀sán á ti yi bí ẹ̀kọ, búrẹ́dì tó ti pò mọ́ omi ni. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ọmọdé wo ló ń sọ fún àgbà pé kó má fún àbúrò rẹ̀ ní nǹkan? Kò sí asẹ́ tí mo lè ṣe tó lè gba ìfẹ́ gbogbo ènìyàn Ifẹ̀. Mo kàn ń fọ̀, mo ń fi kún un, mo ń tún àwòrán yà.

Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ẹja náà funfun láti ìrù dé ọrùn, ó ní pupa rọ̀bọ̀tọ̀ kan lórí bíi fìlà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ gòkè wá bí wọ́n bá gbé bàbá mi jáde. Ní ọjọ́ kan tí àlejò pọ̀ gan-an lẹ́yìn ìsìn, a bá a láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó ti kú, tó fi ẹ̀gbẹ́ léfòó lójú omi. Bàbá mi rí i kí n tó lè fi nǹkan bò ó. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì ń wá iṣan tó máa fi omi sí lápá wọn, kò rí i, ìyá mi jáde lọ dúró sẹ́yìn ilé kí bàbá mi má baà gbọ́ ẹkún wọn. Nígbà tí bàbá mi tún la ẹnu, èmi àti ìyá mi jókòó, a gbà pé a ò ní jẹ́ kí òmíràn kú. Mo kọ ọ́ sára pákó, mo kàn án mọ́ igi máńgòrò: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fún ẹja lóúnjẹ.

Ìyá wa ti Ìrẹ̀mọ ni wọ́n kọ́kọ́ bá a pàdé. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n sì rí i pé mo ń sá fún ojú wọn.

"Ka ohun tí o kọ síbẹ̀ sí mi létí."

Mo kà á.

"Ṣé ẹja ló ń ṣàìsàn ni, àbí àbúrò mi?"

"Ẹ má bínú, mà. Búrẹ́dì yẹn ló ń ba omi jẹ́. Òun ló ń pa wọ́n."

"Ta ló fún ẹja ní búrẹ́dì?" ni wọ́n wí. "Àbúrò mi ni mo fún."

Wọ́n dá búrẹ́dì náà padà sínú ọ̀rá, wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ kan èjìká bàbá mi, wọ́n lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa kí ènìyàn gbé ọrẹ dé ilé kó sì gbé e padà. Ẹni tí a kọ ọrẹ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ la kọ̀. Kò sẹ́ni tó bá wa jà. Àwọn ènìyàn kàn ń dín kù ni. Ẹni tó ń wá lójoojúmọ́ ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹni tó ń wá lọ́sẹ̀ ń fi ìkíni rán ẹlòmíràn. Àwọn tó bá wá kì í mọ ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ wọn ṣe. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n wá kí, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fún un. Wọ́n á jókòó díẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á wo aago. Alájì ń pè lórí fóònù, à ń gbé fóònù náà sétí bàbá mi.

Omi wá mọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó mọ́ gaara débi pé a ń rí ojú ibi tí bíríkìlà ti fa ọwọ́ lórí sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀. Òórùn lọ. Ara àwọn ẹja dán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin. Gbogbo ohun tí mo yà sínú bébà ló ń ṣe bí mo ṣe yà á, inú mi dùn, mo ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàdàn.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé bàbá mi kì í wo ibẹ̀ mọ́. A ó gbé àga wọn kọjú sí omi, ká tó padà dé, wọ́n ti yí ọrùn. Mo rò pé ọrùn ń dùn wọ́n ni. Mo yí àga náà padà, mo fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tún yí i, tìyàtìyà, pẹ̀lú ara tí kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ẹnu géètì ni wọ́n ń wò. Bí ẹnikẹ́ni bá kan géètì náà, ọwọ́ òsì á gbéra. Bí ó bá jẹ́ olómi tàbí aládìẹ ni, á padà sílẹ̀. Ògì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kù nínú abọ́, lónìí díẹ̀, lọ́la jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà yẹn, ẹja la rò pé wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín.

Mo fa pákó náà tu. Mo lọ sí Ìrẹ̀mọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá wa. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ní àwọn ò bínú, wọ́n sì fún mi lómi mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, "Ènìyàn laṣọ, ọmọ mi. Ẹ ti bọ́ aṣọ lára àbúrò mi, ẹ wá ní kí n wá wo bí omi ṣe mọ́ tó." Wọ́n tẹ̀ lé mi wá lọ́jọ́ kejì, torí pé ọmọ ìyá wọn ni. Èmi fúnra mi ni mo ra búrẹ́dì, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Bàbá mi rí wọn láti òkèèrè, ọwọ́ òsì gbéra. Ìyá wa jókòó sí ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n já búrẹ́dì díẹ̀ tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì yíjú sí mi.

"Ṣé èyí ò pọ̀ jù?"

Mo ní, "Ẹ fún wọn ní gbogbo ẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní gbogbo ẹ̀." Wọ́n ju èyí tó wà lọ́wọ́ wọn yẹn sínú omi. Ẹja kan gòkè wá, ó gbé e mì. Wọ́n gbé èyí tó kù lé orí ẹsẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ lé e, wọ́n ń wo omi bí àlejò tó wà ní pálọ̀ olówó. Bàbá mi ń wo ojú ẹ̀gbọ́n wọn. Mo ń retí kí ọwọ́ yẹn lu àga. Kò lù ú.

Òjò ò tíì dúró dáadáa lọ́dún náà tí bàbá mi fi lọ. A kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe, ohun tí gbogbo ènìyàn sọ nìyẹn, èrò sì kún ilé wa títí dé ojú títì, wọ́n gbé oúnjẹ dé pẹ̀lú. Àwọn tó lọ sẹ́yìnkùlé fẹnu kò pé àwọn ò rí omi tó mọ́ báyìí rí.

Ó ṣì mọ́. Èmi àti ìyá mi nìkan ló kù nínú ilé náà, mo sì ń fọ tìmùtìmù yẹn bó ṣe yẹ. Ọkùnrin kan láti Modákẹ́kẹ́ wá lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé kí n ya irú rẹ̀ fún òun, mo yà á fún un, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo bi ìyá mi ní ohun tó ti wà nínú mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo ní ṣé ì bá sàn ká ti jẹ́ kí àwọn àlejò máa ju búrẹ́dì wọn, kí àwọn ẹja yẹn máa kú. Ẹ̀fọ́ ni ìyá mi ń ṣa. Wọn ò gbójú sókè.

"Bí ẹja bá kú tán," ni wọ́n wí, "kí ni wọn ì bá máa ju búrẹ́dì fún?"

Mo jókòó tì wọ́n, mo bá wọn ṣa ẹ̀fọ́ náà tán.